Orù àti Èjìnrìn: Ẹnubodè Méjì tí Ìjẹ̀bú Fi Jẹun

Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pé kí ló mú kí ìlú wọn gbajúmọ̀, Ojúde Ọba ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà gàrí, lẹ́yìn náà ayẹyẹ àti ìnáwó. Àwọn díẹ̀ yóò rántí ogun Ìmàgbọn tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892. Ẹni tí yóò dárúkọ ọjà Orù tàbí ọjà Èjìnrìn kò wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó dá mi lójú pé àwọn ọjà méjèèjì yìí wà lára ohun tó gbé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ró ṣáájú kí òyìnbó tó wọlé, àti pé òye ogun Ìmàgbọn fúnra rẹ̀ kò lè yé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n. Ará Orù ni ìdílé ìyá mi. Ọjà ni ìyá wọn ṣe, ọjà ni ìyá ìyá wọn náà ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú ilé wa kí n tó bá a pàdé níbòmíràn.

Orù wà ní apá àríwá Ìjẹ̀bú, lójú ọ̀nà tó gba Mámu àti Ìdí-Ayunrẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Òun, Àwà àti Ìlápòrú fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n onílé kì í ṣi ààlà tirẹ̀ mú. Èjìnrìn ní tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, létí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń ti Èkó wá gúnlẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde wà láàárín wọn. Títí di òní, òpópónà kan wà nínú Ìjẹ̀bú-Òde tí a ń pè ní ọ̀nà Èjìnrìn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ibẹ̀ sì pọ̀ tí wọn kò tíì dé Èjìnrìn rí.

Òfin tó so ọjà méjèèjì pọ̀ kò ṣòro láti lóye. Oníṣòwò tó bá ti òkè wá, ìbáà ṣe ará Ìbàdàn tàbí ará Ọ̀yọ́, Orù ni yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Oníṣòwò tó bá sì ti Èkó wọkọ̀ wá, etí ọ̀sà ni yóò dúró sí, kò gbọdọ̀ gòkè. Ìrìn àárín méjèèjì jẹ́ ti ọmọ Ìjẹ̀bú nìkan. Òun ni yóò ra epo pupa, ẹ̀kùrọ́, èlùbọ́ àti aṣọ òfì ní Orù, tí yóò kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi. Òun náà ni yóò ra iyọ̀, ọtí, tábà, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù ní Èjìnrìn, tí yóò kó wọn gòkè padà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò mọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀ ní Èkó, ẹni tó wà ní Èkó kò sì mọ iye tí wọ́n ń ta epo ní Ìbàdàn. Ẹni tó mọ méjèèjì ló ń jèrè.

Èrè náà kì í ṣe èrè ọ̀fẹ́. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó kìjikìji ni wọ́n ń tọ̀, tí òjò bá sì rọ̀ láti oṣù kẹfà wọ oṣù keje, ilẹ̀ a di ẹrẹ̀, odò a kún bo afárá igi. Owó ẹyọ tí wọ́n ń ná nígbà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù. Ẹyọ ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo sì ti tó ẹrù fún aláàárù kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ yóò wá aláàárù tí yóò ru owó lọ, yóò sì wá èyí tí yóò ru ọjà bọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn pàṣípààrọ̀: kí n gbé iyọ̀ fún ọ, kí o gbé epo fún mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ru ẹyọ.

Oníbodè ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Lẹ́yìn oníbodè, àwọn Pàràkòyí wà tí ètò òwò wà níkàáwọ́ wọn, Òṣùgbó sì wà tí òfin ìlú ń gbẹnu wọn jáde. Ilẹ̀ yìí ti mọ bí a ṣe ń fi ààlà lélẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rẹ̀dó Sùngbọ́, yàrà ńlá tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíràn nínú rẹ̀ sì jìn tó mítà 20 láti orí odi títí dé ìsàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ará Pọtogí kan tó ń jẹ́ Pacheco Pereira kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà yí ká, tí orúkọ ọba rẹ̀ ń dún bí Awùjalẹ̀, ó sì ní ẹrú ni ọjà tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹgbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n sì ń ta ẹnì kan.

Mi ò ní fo gbólóhùn yẹn. Nígbà tí a bá ń yangàn pé àwọn baba wa gbọ́n nínú òwò, ó yẹ kí a rántí pé ọ̀nà kan náà tí epo gbà kọjá ni àwọn ènìyàn gbà kọjá ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà tí òwò ẹrú sí òkè òkun dópin, ẹrú kò tán nílé. Àwọn ni wọ́n ń ru epo náà, àwọn ni wọ́n ń tu ọkọ̀. Owó tí a fi kọ́ àwọn ilé alájà tí a ń fi ṣe ìwúrí ní Ìjẹ̀bú kò ṣàìní ọwọ́ wọn nínú, ó sì máa ń dùn mí bí a bá sọ ìtàn ọjà láìdárúkọ wọn.

Ìyá àgbà mi sọ fún wa pé ilé bàbá tiwọn ní Orù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé tí èrò Ìbàdàn máa ń dé sí. Baálé ilé náà ni baálé èrò. Ẹni tó bá dé láti òkè kò kàn ní gba ọjà lọ gbalasa. Ilé baálé rẹ̀ ni yóò sọ̀ sí, wọn yóò fún un lómi, wọn yóò fi ẹní síbẹ̀ fún un, ilẹ̀ yóò sì mọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Baálé ló ń dúró fún àlejò bí ó bá fẹ́ ra ọjà àwìn, òun náà ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìjà bá dé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òpìtàn bá kọ ọ́ pé Ìjẹ̀bú kórìíra àlejò, èmi a máa rántí ẹní yẹn àti omi yẹn. A kò fẹ́ kí àlejò kọjá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè rí jẹ bí kò bá wá, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rí ìyá àgbà mi fúnra wọn lọ́jà nígbà tí mo wà ní kékeré. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n a bu èlùbọ́ kún kóńgò, wọ́n a wá fi apá òsì pa ẹnu kóńgò náà mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, kí èlùbọ́ lè ga sókè ṣóńṣó láàárín apá wọn láì dà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti rọra yọ apá wọn kúrò, òkìtì náà a dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n a tó dà á sínú àpò oníbàárà. Wọ́n a tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e, wọ́n a ní, "Ènì rẹ nìyẹn, má sọ pé ìyá Orù rẹ́ ọ jẹ o." Àwọn oníbàárà tó ti Ìbàdàn wá máa ń fojú sọ́nà de ènì yẹn ju èlùbọ́ inú kóńgò lọ.

Ìgbà tí ogun dé ni a rí bí ọ̀ràn ẹnubodè ṣe lágbára tó. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ ní ìparí ẹ̀wádún 1870, kò sì parí tán títí di ọdún 1893 tí wọ́n tú àgọ́ ogun ká. Ìbàdàn ń jà lókèèrè, ẹ̀tù àti ìbọn tí wọ́n nílò sì ń ti etí òkun bọ̀. Ọ̀nà Ẹ̀gbá tì, ọ̀nà Ìjẹ̀bú tì. Àwọn Èkìtì ní tiwọn ń gba ìbọn tiwọn lọ́nà Oǹdó, èyí tí Gómìnà Glover ti là sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1870 kí òwò Èkó lè yí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ìbàdàn tó ní ọmọ ogun tó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tù lẹ́nu ọ̀nà Orù.

Ohun tí wọn kì í sọ púpọ̀ ni pé ìtìpa ọ̀nà yìí kò dùn mọ́ gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àfìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀, ni ó dúró ṣinṣin pé kí ọ̀nà wà ní títì. Àgọ́ ogun Ìjẹ̀bú sì wà ní Orù lábẹ́ Balógun Ọnàfowókàn. Ẹ fojú inú wo àgọ́ náà: àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ oníṣòwò nínú ilé ara wọn, tí wọ́n jókòó sínú ìlú ọjà kan, tí wọ́n ń ṣọ́ oníbàárà tiwọn kó má bàa wọlé. Ìyá, ìyàwó àti àbúrò wọn ni wọ́n wà nílé tí wọn kò rí epo rà, tí iyọ̀ wọn ń jókòó sílé láìsí ẹni tí yóò rà á. Kò yà mí lẹ́nu rárá pé Orù ni ìrònú àlàáfíà pẹ̀lú Ìbàdàn ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1883 àwọn ìjòyè àti àwọn ènìyàn ìlú mú kí Àfìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1885. Ọba kan kúrò lórí oyè, ọ̀rọ̀ ọjà sì wà nídìí rẹ̀. Lójú tèmi, ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n, nítorí ó fi hàn pé àwọn baba wa bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀ràn ẹnubodè kí òyìnbó kankan tó dá sí i.

Èyí tó kù, ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n, n ó sì sọ ọ́ ní ṣókí. Àwọn oníṣòwò Èkó àti àwọn aláṣẹ òyìnbó ń fẹ́ kí ọ̀nà là gbalaja dé òkè. Ní 1891, Denton tó ń dí ipò Gómìnà mú ní Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ẹ̀bùn. Wọ́n kọ ẹ̀bùn náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tó bá wá. Ìjọba Èkó kà á sí àfojúdi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú fọwọ́ sí àdéhùn ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, owó ibodè yóò sì dópin, kí ìjọba máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún láti fi dí àlàfo rẹ̀. Ẹ wo iye yẹn dáadáa: òyìnbó fúnra rẹ̀ gbà pé nǹkan tó ní iye lórí ni òun ń gbà lọ́wọ́ wa. Nílé, wọn kò tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà, wọ́n sì dá òyìnbó oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni Gómìnà Carter rán ọmọ ogun tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ṣáájú. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n jà gba odò Yemọjí kọjá, ìbọn arọ̀jò-ọta sì parí iṣẹ́ náà ní Ìmàgbọn. Awùjalẹ̀ Abókì Túnwàṣẹ ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà.

Ẹni tó bá rò pé ọjà méjèèjì kú lọ́jọ́ náà kò gba ibi tí ọ̀rọ̀ gbà. Fún ìgbà díẹ̀, Èjìnrìn tún gbèrú sí i, nítorí èrò láti ibi gbogbo lè dé ibẹ̀ nísinsìnyí, ọkọ̀ eléèéfín sì ń gbé oníṣòwò láti Èkó wá ná an. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ èbúté, ariwo ọjà ni yóò kọ́kọ́ pàdé àwọn èrò kí wọ́n tó rí ilẹ̀; èyí ni àwọn àgbà ìdílé wa tó ná an máa ń sọ. Ohun tó pa á ní tòótọ́ ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Epo tí aláàárù ìbá ru gba Orù dé Èjìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ nílé, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà mọ́tò tó gba Ìkòròdú àti Ṣágámù dé Ìbàdàn gba èyí tó kù, kò sì ku ẹni tó ní ìdí láti wọ ọkọ̀ omi. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, àwọn arìnrìn-àjò tí kì í yà sí Ìjẹ̀bú rárá tún pọ̀ sí i.

Ààlà tún wá pín wa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ọ̀dọ̀ Èkó ni Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn àti Ìkòròdú bọ́ sí; ní 1976, àwa tó kù di ara Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí mo ṣe ń lọ sí Èjìnrìn láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láàárín àwọn ènìyàn tó ń sọ ẹ̀ka èdè kan náà, tí ìbátan wọn wà níhìn-ín lóhùn-ún. Mo lọ sí etí omi náà. Ìlú tó dákẹ́ ni mo bá, àwọn apẹja ń tún àwọ̀n wọn ṣe, obìnrin kan ń yí ẹja àrọ̀ lórí ààrò èéfín, ó fi ìgbálẹ̀ kékeré gba eérú orí wọn, ó sì tò wọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin. Mo bi í pé níbo ni yóò ti tà wọ́n. Ó ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń gbé mọ́tò wá. Mo rà nínú ẹja náà, mo sì dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń wo ibi tí omi pàdé ilẹ̀, mo ń wá bóyá òkúta kan tàbí òpó kan yóò wà tí wọ́n kọ nǹkan sí nípa ọjà ńlá tó wà níbẹ̀. N kò rí i.

Orù ṣe dáadáa jù ú lọ, nítorí ọ̀nà Ìbàdàn kò kúrò nídìí rẹ̀. Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè nítòsí ti mú èrò wá sí àgbègbè náà láti ọdún 1982. Nígbà tí ogun lé àwọn ará Liberia kúrò nílé, ti Sierra Leone sì tẹ̀ lé e, Orù ni àgọ́ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí láti ọdún 1990, ìlú tó kọ́ bí a ṣe ń gba èrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sì tún rí èrò tuntun gbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta gàrí níbẹ̀ lónìí. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìbàdàn ti ń bá a dúnàádúrà, ẹ̀bá ọ̀nà ni ó sì ń kó àpò sí kí wọ́n wá gbé e. Òun kò ní baálé èrò, kò sì nílò rẹ̀.

Àwọn alárobọ̀ wa náà kò jókòó sí ẹnubodè tí kò sí mọ́. Bí ọ̀nà ṣe ṣí ni wọ́n gòkè lọ bá oníbàárà nílé rẹ̀; Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú wà ní Ìbàdàn, Òkè-Àdó náà sì kún fún ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ ẹni tó ń dá ará Ìbàdàn dúró ní Orù di ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ sí Gbági, wọ́n sì di onílé níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ná ọjà Èjìnrìn nígbà tó ṣì ń hó kò pọ̀ láyé mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ṣì wà, wọ́n sì ti di arúgbó. Bí ẹ bá ní irú wọn nílé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ ta ni ìyá wọn ń wọ̀, ta ni baálé èrò rẹ̀, kí ni wọ́n fi ń wọn epo, ibo ni wọ́n ń sùn bí òjò bá dá wọn dúró, àti orúkọ àwọn tó ń ru ẹrù náà.